Server Mẹ́fà Láti Ara Dísìkì Kan: Ìrírí Mi ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi gbé server méjì wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò kan ní Ṣàgámù. Ẹ̀rọ méjèèjì jọ ara wọn láti òde dé inú: irú kan náà ni wọ́n, ọjọ́ kan náà ni a rà wọ́n, láti ara dísìkì kan náà ni mo sì ti da ohun tó wà nínú wọn kọ. Ọ̀kan ni yóò máa dá kọ̀ǹpútà àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lóhùn, èkejì yóò máa tẹ̀ lé e, yóò sì wà ní ìmúrasílẹ̀ bí èkínní bá dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí a tan èkínní, gbogbo kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn rí i lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí a tan èkejì ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé ìdánwò á ṣí lórí kọ̀ǹpútà kan, kò ní ṣí lórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mélòó kan bá kọjá, èyí tó ti ṣí tẹ́lẹ̀ á dákẹ́, èyí tó dákẹ́ á wá ṣí.

Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi wá ohun tó fà á. Mo pààrọ̀ wáyà tó so àwọn server mọ́ switch, àpótí tó so gbogbo ẹ̀rọ inú gbọ̀ngàn pọ̀, kò yí nǹkan kan padà. Mo yọ switch náà, mo yá òmíràn ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ náà, bákan náà ló rí. Mo wá rò pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀kan nínú wọn ti bàjẹ́, àmọ́ bí mo bá pa èyíkéyìí nínú méjèèjì, èyí tó kù á ṣiṣẹ́ geere bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, nígbà tí mo ti jókòó tí mo fọwọ́ lẹ́rán, ọmọ iṣẹ́ mi ṣí ojú ìwé tí router ti ń to orúkọ gbogbo ẹ̀rọ tó fún ní àdírẹ́sì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó pè mí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan kan. Server méjì la tàn, àmọ́ ẹyọ kan ni router yìí kà."

"Tún un kà dáadáa."

"Mo ti tún un kà, sà. Àdírẹ́sì kan náà ló fún àwọn méjèèjì."

Mo ní kí ó jókòó sídìí èkínní, èmi náà jókòó sídìí èkejì, a sì jọ tẹ àṣẹ kan náà tó ń fi àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ hàn, cat /etc/machine-id. Mo ní kí ó máa ka ohun tó bá jáde sókè, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, èmi sì ń fi ìka tẹ̀ lé e lójú ẹ̀rọ tèmi. Nígbà tó fi máa dé lẹ́tà kẹwàá, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí ó kà á dé òpin. Gbogbo rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 32, kò sí èyí tó yàtọ̀.

Màmá kan tó ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, tó tún ní ẹ̀ka ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè, Ìpẹru àti Ṣàgámù, ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Láti ọdún 2015 tí ìdánwò UTME ti àjọ JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá ni Màmá ti ń sọ pé ọmọ tí kò bá ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rí kí ọjọ́ ìdánwò tó pé, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́kọ́ bá jà kí ó tó bá ìbéèrè jà. Ó fẹ́ kí gbọ̀ngàn kọ̀ọ̀kan ní server tirẹ̀, tí yóò máa ṣiṣẹ́ láìnílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ mẹ́fà àlòkù ni a rà: ẹyọ kan fún ìlú kọ̀ọ̀kan, méjì fún Ṣàgámù nítorí pé gbọ̀ngàn ibẹ̀ ló tóbi jù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún ti Ìjẹ̀bú-Òde ṣe. Ubuntu Server 22.04, irú Linux kan, ni mo gbé ka orí rẹ̀, mo fi nginx tó ń gbé ojú ìwé ìdánwò jáde àti MySQL tó ń tọ́jú èsì sí i, mo ṣètò ààbò rẹ̀, mo ṣètò bí yóò ṣe máa fi ẹ̀dà èsì ìdánwò pa mọ́ ní alẹ́, mo sì dán gbogbo rẹ̀ wò títí tó fi tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀rọ yìí ni mo pè ní ìyá. Nígbà tó ku márùn-ún, mo rò ó pé bí mo bá ní kí n máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò ní jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́. Owó dátà tí yóò lọ sórí gbígba nǹkan kan náà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún kò kéré. Ohun tó sì burú jù ni pé ọwọ́ ènìyàn kì í ṣe nǹkan bákan náà lẹ́ẹ̀márùn-ún láìgbàgbé nǹkan kan sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti da dísìkì ìyá kọ sórí àwọn yòókù. Ìpinnu náà kò burú, títí di òní mo ṣì dúró lé e lórí. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi nìkan ni mo ń dà kọ, mo ń da ìdánimọ̀ ìyá kọ pẹ̀lú.

Machine-id jẹ́ àmì ìdánimọ̀ tí Linux máa ń ṣẹ̀dá fún ara rẹ̀ nígbà tí a bá kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ sórí ẹ̀rọ, tí ó sì ń kọ sínú fáìlì kékeré kan lábẹ́ /etc. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, èmi náà sì wà lára wọn, gbà pé nọ́ńbà MAC tí wọ́n ti fún káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ni router fi ń mọ ẹ̀rọ kan yàtọ̀ sí òmíràn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí MAC ẹ̀rọ méjì kò ti dọ́gba, kò sí ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yóò gbà wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ kan bá ń tọrọ àdírẹ́sì nípa DHCP, ìlànà tí router fi ń pín àdírẹ́sì, ó lè sọ orúkọ mìíràn tí ó fẹ́ kí wọ́n fi mọ òun, bí ó bá sì ti sọ ọ́, orúkọ yẹn ni router tó ń tẹ̀ lé ìlànà yóò gbà, kì í ṣe MAC. Lórí Ubuntu tí mo lò, systemd-networkd ló ń tọrọ àdírẹ́sì yìí, inú machine-id ló sì ti ń yọ orúkọ tó ń sọ, pẹ̀lú ojúkò tí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà nínú ẹ̀rọ. Machine-id àwọn méjèèjì dọ́gba. Nítorí pé irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n, ojúkò káàdì wọn dọ́gba pẹ̀lú. Enp3s0 ni méjèèjì ń jẹ́. Lójú router, ẹnì kan ṣoṣo ló ń kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì, yàrá kan náà ló sì ń fún un. Àwọn kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn wá ń bá ẹni tó bá kọ́kọ́ dáhùn sọ̀rọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi ń já, tí ó tún ń so.

Ó di dandan kí n gbé ẹ̀rọ méjèèjì padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí n sì lọ ṣàlàyé fún Màmá, nítorí pé mo ti ṣèlérí fún un pé iṣẹ́ ti parí. Mo bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ṣebí ìwọ lo sọ fún mi pé gbogbo wọn yóò dọ́gba?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ má bínú. Ibi tí kò yẹ kí wọ́n ti dọ́gba ni wọ́n ti dọ́gba." Mo rántí pé Màmá kì í pa ọdún kan jẹ láìbá ẹgbẹ́ wọn jáde. "Ẹ rántí bí ẹgbẹ́ yín ṣe máa ń wọlé ní Òjúde Ọba, ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Aṣọ kan, gèlè kan, bàtà kan. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá pe orúkọ yín láàárín wọn, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dáhùn. Mo fi aṣọ kan náà wọ àwọn ẹ̀rọ yìí, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n n kò sọ wọ́n lórúkọ."

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Bí wọ́n bá pe ọmọ méjì lórúkọ kan nínú ilé, ìpè kan ni àwọn méjèèjì yóò jọ jẹ́. Lọ sọ wọ́n lórúkọ, kí o sì tètè dá wọn padà. Ìdánwò àwọn ọmọ yìí ti sún mọ́lé."

Mo rò pé bí mo bá ti yí machine-id padà, ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n máa ń sọ pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà tí mo ṣí àwọn ẹ̀rọ náà wò láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ bà mí lẹ́rù. Server kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí SSH fi ń jẹ́rìí fún ẹni tó bá fẹ́ wọlé láti ọ̀nà jíjìn pé òun gan-an ni ẹni náà ń bá sọ̀rọ̀. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ń lo kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo. Èyí túmọ̀ sí pé bí olè bá fọ́ gbọ̀ngàn Ìpẹru tó sì gbé ẹ̀rọ ibẹ̀ lọ, ó ti mú ohun tó lè fi pe ara rẹ̀ ní server Àgọ́-Ìwòyè tàbí ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní fura. Ó dùn mí gidigidi, nítorí pé kọ̀ǹpútà tèmi ti kìlọ̀ fún mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wọ inú àdàkọ kan láti orí rẹ̀, ó sọ fún mi kedere pé òun ti mọ kọ́kọ́rọ́ yìí tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, mo sì tẹ yes láìkà á. Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mi tẹ yes sí ohunkóhun tí kò bá tíì kà sókè sí mi létí.

MySQL náà ní tirẹ̀. Nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ auto.cnf, ní /var/lib/mysql, ni ó ń kọ àmì ìdánimọ̀ ara rẹ̀ sí. Mo fẹ́ kí server kejì ní Ṣàgámù máa da èsì ìdánwò kọ láti ara èkínní ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kí ọmọ kankan má bàa pàdánù ohun tó ti dáhùn. MySQL kò gbà rárá. Ó ní àmì òun àti ti ẹni tí òun fẹ́ tẹ̀ lé dọ́gba, òun kò sì lè tẹ̀ lé ara òun. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pa fáìlì náà rẹ́ kí MySQL tó tún dìde, yóò ṣẹ̀dá òmíràn fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà server-id tó wà nínú ètò rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń yí ìyẹn lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe wá ń ṣe é báyìí nìyí. Kí n tó ya àwòrán dísìkì ìyá, ìyẹn ẹ̀dà ohun inú rẹ̀ tí a lè dá padà sórí dísìkì mìíràn, mo máa ń sọ fáìlì machine-id di òfìfo pẹ̀lú truncate. N kì í pa fáìlì náà fúnra rẹ̀ rẹ́, nítorí pé òfìfo ni systemd, ètò tó ń darí Linux bó ṣe ń dìde, fi ń mọ̀ pé ó yẹ kí òun ṣẹ̀dá tuntun nígbà tí ẹ̀rọ bá dìde. Mo máa ń yọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ssh_host lábẹ́ /etc/ssh, mo máa ń yọ auto.cnf, mo máa ń nu àkọsílẹ̀ inú /var/log àti ìtàn gbogbo àṣẹ tí mo ti tẹ̀, nítorí pé páásíwọ́ọ̀dù lè ti bọ́ sínú ìtàn náà láìmọ̀. SSH kò ní dìde bí kò bá rí kọ́kọ́rọ́ kankan, nítorí náà mo fi iṣẹ́ kékeré kan sílẹ̀ nínú ìyá, tí yóò sáré lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìgbà àkọ́kọ́ tí àdàkọ bá dìde, tí yóò tẹ ssh-keygen -A, tí yóò sì fẹ̀yìn tì. Orúkọ ẹ̀rọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọwọ́ ni mo fi ń kọ wọ́n. N kò fi ti àdírẹ́sì server sílẹ̀ fún router mọ́.

Ibì kan wà tó ṣe pàtàkì, tí ó sì ti jẹ wá ní ọjọ́ kan odindi. Lẹ́yìn tí a bá ti nu ìyá tán, pípa ni à ń pa á, a kì í tún un tan títí a ó fi ya àwòrán rẹ̀ láti orí fúláàṣì. Mo nu ún tán ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ kí Jímọ̀, ọmọ iṣẹ́ mi sì tan án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kò ṣe é pẹ̀lú èrò búburú, ìtọ́jú ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà ṣe dìde báyìí, ó ti ṣẹ̀dá machine-id tuntun àti kọ́kọ́rọ́ tuntun, a sì ya àwòrán rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ̀. Ìgbà tí a ka lẹ́tà 32 lórí àdàkọ méjì tí wọ́n tún dọ́gba ni ó jẹ́wọ́ fún mi. N kò bá a wí, torí pé èmi ni n kò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ní báyìí, bí a bá ti pa ìyá, a máa ń yọ wáyà iná rẹ̀, a sì máa ń lẹ bébà mọ́ ojú bọ́tìnnì rẹ̀.

Nípa dídà kọ gan-an, dd ni mo fi ṣe ti àkọ́kọ́, àṣẹ tó ti wà láti ayé Unix ti àwọn ọdún 1970. Ohun tí dd mọ̀ kò ju kí ó gbé gbogbo ohun tó wà lórí dísìkì kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ sórí òmíràn. Kì í béèrè bóyá ibi kan lófo. Dísìkì ìyá jẹ́ 500 GB, 38 GB péré ni mo sì lò nínú rẹ̀. Dd da gbogbo 500 náà kọ. Bí dísìkì méjèèjì bá ń sáré tó 100 MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 23 fún ẹyọ kan. Nígbà tí mo lo àpótí USB àtijọ́ fún ọ̀kan, ó lé ní wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú wa mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rin: wọ́n mú iná lọ nígbà tó ku díẹ̀ kó parí, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé n kò tíì mọ̀ pé skip àti seek lè jẹ́ kí n tẹ̀ síwájú láti ibi tó dúró. Láti ìgbà náà, UPS kì í kúrò nídìí iṣẹ́ yìí, bí jẹnẹrétọ̀ tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ilé.

Clonezilla, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Taiwan, ni mo ń lò báyìí. Partclone tó wà nínú rẹ̀ máa ń ka ètò fáìlì, ó sì máa ń mú ibi tí nǹkan wà nìkan. 38 GB yẹn kì í pẹ́ rárá, kódà lórí dísìkì tó ń yí. Ó tún máa ń yẹ àwòrán wò lẹ́yìn tó bá yà á tán, láti mọ̀ bóyá ó ṣeé dá padà. N kì í fo ìpele yẹn, bó ti wù kí ó pẹ́ tó.

Yálà dd ni tàbí Clonezilla, àkókò tí ọkàn mi kì í balẹ̀ ni ìgbà tí a bá fẹ́ yan èyí tó jẹ́ orísun àti èyí tó jẹ́ òpin. Bí a bá ṣì wọ́n yàn, òfìfo ni yóò bo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́lẹ̀, kò sì sí àṣẹ tí yóò dá a padà. Àwọn orúkọ bíi sda àti sdb kò dúró lójú kan; èyí tí Linux bá kọ́kọ́ rí ni yóò pè ní sda, ohun tó sì jẹ́ sda lánàá lè di sdb lónìí. Nítorí náà nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára dísìkì ni à ń tẹ̀ lé. Ọmọ iṣẹ́ mi á fi iná fóònù tan ara dísìkì, á ka nọ́ńbà náà sókè, èmi á sì wá a nínú ohun tí lsblk -o NAME,SIZE,MODEL,SERIAL kọ jáde. Bí méjèèjì bá bára mu, a tún kà á lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó tẹ Enter. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí, a máa ń yọ àdàkọ kúrò kí a tó tan ìyá, torí pé àmì UUID tí Linux fi ń mọ partition (ìpín orí dísìkì) wọn dọ́gba, ẹ̀rọ lè gbé ti àdàkọ dìde dípò ti ìyá, kí ènìyàn máa fi gbogbo ọ̀sán tún ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣe.

Ti Ìjẹ̀bú-Igbó fún wa ní wàhálà ọ̀tọ̀. Dísìkì 480 GB ló wà nínú rẹ̀, ó fi nǹkan bíi 20 GB kéré sí ti ìyá. Ohun tó wà nínú ìyá kò ju 38 lọ, síbẹ̀ kò gbà á, nítorí pé partition ni à ń gbé, partition ìyá sì gba gbogbo dísìkì dé etí. Mo ní láti fún partition ìyá kù sí 60 GB, kí n fi ọwọ́ ṣe partition tuntun sórí dísìkì kékeré náà, kí n wá dá ohun inú wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n sì tún GRUB, ètò tó kọ́kọ́ ń pe Linux dìde, gbé kalẹ̀. Látàrí èyí, orí dísìkì tó kéré jù ni mo ń gbé ìyá kà báyìí, mo sì ń jẹ́ kí partition rẹ̀ kéré. Fífẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí ó bá dé ilé tirẹ̀ kò ṣòro: growpart, lẹ́yìn náà resize2fs, ẹ̀rọ kò tilẹ̀ nílò láti kú kó tó ṣe é.

Mo fẹ́ sọ ti ìwé orúkọ àwọn ọmọ, nítorí pé òun ló wúwo jù lọ́kàn mi nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo ń dán ìyá wò, ìwé orúkọ tòótọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ Ìjẹ̀bú-Òde ni mo lò: orúkọ, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù òbí. Mo pa á rẹ́ kí n tó fi dd da dísìkì náà kọ, ọkàn mi sì balẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ṣàgámù, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi fi grep wá orúkọ kan lára dísìkì àdàkọ kan lódindi, kì í ṣe nínú àwọn fáìlì rẹ̀. Orúkọ náà jáde. Òmíràn tẹ̀ lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pípa fáìlì rẹ́ kì í nu ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó kàn ń sọ pé ibẹ̀ ti ṣófo ni, dd sì ti kó òfo náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ sí ìlú mẹ́rin. Àwọn òbí tó fún ilé-ẹ̀kọ́ kan ní nọ́ńbà wọn kò fún ìlú mẹ́rin. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni-ẹni ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, kò sì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Mo sọ fún Màmá ní ọjọ́ náà gan-an. A nu dísìkì márààrún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí a tó tún nǹkan kan kọ sórí wọn, mo sì tún ìyá ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì mímọ́, pẹ̀lú orúkọ tí mo rò lórí ara mi. Orúkọ ọmọ ẹlòmíràn kò tún wọ inú ìyá mọ́.

Àwọn tó kù kò le. Ti Àgọ́-Ìwòyè ní káàdì kan sí i nínú, ojúkò nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ wá ń jẹ́ enp4s0 dípò enp3s0, mo tún un kọ nínú netplan, ibi tí Ubuntu ń kọ ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí. Ti Ìpẹru kò fẹ́ dìde rárá, torí pé ètò UEFI inú pátákó rẹ̀, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kí Linux tó dìde, ti padà sí ti àtijọ́. Bátìrì CR2032 tó ń pa ètò náà mọ́ ló ti kú. Ohun tó wà lórí pátákó kì í bá dísìkì rìn, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ yẹ tirẹ̀ wò. A pààrọ̀ bátìrì náà, a tún aago rẹ̀ ṣe, ó dìde.

Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí ti béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló dé tí n kò kọ gbogbo rẹ̀ sínú Ansible, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa to ara rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, mo sì ti ń kọ́ ọ. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ 60, tàbí bí wọ́n bá yàtọ̀ sí ara wọn, òun ni n bá lò. Ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ mẹ́fà tó jọra, ní gbọ̀ngàn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí olùkọ́ kan lè pè mí ní aago mẹ́fà àárọ̀ pé dísìkì ti kú, tí ìdánwò yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, àwòrán dísìkì nínú fúláàṣì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà ni pé àwòrán nìkan kò tó. Gbogbo ohun tí mo ṣe sí ìyá wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù, àṣẹ kan sí ìlà kan, pẹ̀lú ọjọ́ tí mo ṣe é, torí pé àwòrán kì í sọ ìdí tí nǹkan fi rí bó ṣe rí.

A kọ́kọ́ dá ti Ṣàgámù padà, a sì dúró tì wọ́n ní odindi ọjọ́ kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà gbogbo ní títàn. Router ka méjì. Server kejì tẹ̀ lé èkínní láìyọ ẹnu. Ti Ìjẹ̀bú-Igbó la fi kẹ́yìn. Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ wa tí a kọ machine-id àwọn márùn-ún tó ṣáájú sí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dìde, ọmọ iṣẹ́ mi ka lẹ́tà 32 rẹ̀ sókè, mo fi ìka tẹ̀ lé ìlà márààrún tó wà nínú ìwé, kò sí èyí tó bá a mu. Ó kọ ọ́ sí ìlà kẹfà, ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, a sì palẹ̀ irinṣẹ́ wa mọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.